Wágọ̀nù 504 tó ti dúró lójú kan ju ọdún 10 lọ: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Oníwágọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Peugeot 504 wágọ̀nù bàbá mi ló di tèmi báyìí. Pẹtiróòlù ló ń lò, ẹ́ńjìnnì 1971 cc, jíà rẹ̀ ní kílọ́ọ̀ṣì. Ó ti lé ní ọdún 10 tí ẹnikẹ́ni ti wà á gbẹ̀yìn. Abẹ́ òrùlé ló wà, òjò ò pa á, àmọ́ eruku ti bò ó, eku sì ti wọ inú rẹ̀. Ara mọ́tò yá nígbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀. Ara bàbá ni kò yá mọ́.

Mo ti ra bátìrì tuntun. Ẹnì kan ní kí n so ó mọ́ ọn, kí n bu pẹtiróòlù tuntun sí i, kí n yí kọ́kọ́rọ́, pé 504 kì í kú. Ọkàn mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jí irú rẹ̀ rí, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?

Mẹkáníìkì Àtọdúnmọ́dún

Àbúrò, òótọ́ ni ọkàn rẹ sọ fún ọ. Gbé bátìrì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fipá yí ẹ́ńjìnnì tó ti sùn pẹ́ ni wọ́n máa ń bà á jẹ́. Ọ́ìlì tó wà lára ògiri sílíńdà ti sàn lọ sísàlẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Irin gbígbẹ ni ríǹgì písítìnì jókòó lé, ó sì ṣeé ṣe kí ìpẹtà ti so wọ́n pọ̀ níbì kan. Sítátà lágbára tó láti dá ríǹgì kí ìwọ tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n kí o tó tú wọn, fẹ́ eruku ojú ihò wọn kúrò, kó má baà já sínú sílíńdà. Tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde, láti 1 dé 4, kí o wo ẹnu wọn. Èyí tó gbẹ tó ní àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ara sílíńdà rẹ̀ dá ṣáṣá nígbà tí wọ́n pa mọ́tò kẹ́yìn. Èyí tí ẹnu rẹ̀ dógùn-ún, omi ti débẹ̀. Bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀, bíi ṣíbí kan sí méjì, sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń lo ATF, ìyẹn ọ́ìlì jíà ọ̀tọ́mátíìkì, àwọn mìíràn ń po ATF mọ́ acetone, kẹ́míkà tó ń yọ ọ̀dà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gan, àpòpọ̀ yẹn máa ń wọ ibi tí ọ́ìlì ò lè wọ̀. Bí kò bá gan, ọ́ìlì lásán tó. Jẹ́ kó sùn mọ́jú, kódà kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ.

Tó bá yá, fi jíà sí fíríì, fi sípánà apá gígùn mú nọ́ọ̀tì iwájú kiránkì, kí o máa yí i díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí. Ọwọ́ rẹ ló máa sọ fún ọ. Bó bá wúwo díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń lọ geere títí yípo méjì, dúpẹ́. Bó bá débì kan tó dúró gbọn-in, má fẹsẹ̀ tì í, má ki páìpù bọ ìdí sípánà kó lè le sí i. Dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, bu ọ́ìlì sí i, fi í sílẹ̀, padà wá lọ́jọ́ kejì.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè tú orí ẹ́ńjìnnì yẹn fún ọ. Sílíńdà 504 kì í ṣe ara kan náà pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù; wọ́n kì wọ́n bọ inú rẹ̀ ni, omi ló yí wọn ká. Bí orí bá ti kúrò tí ẹnì kan yí kiránkì láìdè wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n lè gbéra kúrò lórí sílì tó wà ní ìdí wọn, omi á wá máa wọ inú ọ́ìlì. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tí kò ní àìsàn kankan tó tibẹ̀ di aláìsàn.

Àdùkẹ́ Oníkáà

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bíréèkì, nítorí òun ni gbogbo ayé máa ń fi sẹ́yìn. Inú èèyàn á dùn pé ẹ́ńjìnnì ti dún, á kó sínú mọ́tò, á ní kí òun kàn sún un síwájú díẹ̀, ìgbà náà ló máa mọ̀ pé kò sí ohun tó máa dá a dúró. Èmi kì í bu pẹtiróòlù sí mọ́tò tí mi ò tíì mọ bí bíréèkì rẹ̀ ṣe rí. Ìlànà tí mi ò yà kúrò nínú rẹ̀ rí nìyẹn.

Fúlúúdì bíréèkì, ìbáà jẹ́ DOT 3 tàbí DOT 4, máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Kódà mọ́tò tó ń rìn lójoojúmọ́, bí ọdún méjì méjì ló yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ro ohun tí omi yẹn ti fi ọdún mẹ́wàá ṣe fún irin. Ẹ tú dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn. Lókè ibẹ̀, láàárín ṣúù méjèèjì, sílíńdà kékeré kan wà tí rọ́bà bo ẹnu rẹ̀ ní ọ̀tún àti lósì. Ẹ fi èékánná ká etí rọ́bà yẹn sókè. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ó dáa. Bí omi aláwọ̀ kọfí bá sàn sí yín lọ́wọ́, tàbí tí ẹ rí ìyẹ̀fun tó dì mọ́ písítìnì kékeré tó wà nínú rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ tọ̀tún tòsì pọ̀, kí mọ́tò má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nǹkan méjì mìíràn tó máa ń tan èèyàn jẹ. Àkọ́kọ́, họ́ọ̀sì rọ́bà tó lọ sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lóde, ó lè dà bíi tuntun, kí inú rẹ̀ sì ti wú dí. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, agbára ẹsẹ̀ yín á fipá gba ibẹ̀ kọjá, bíréèkì á mú. Tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, fúlúúdì ò ní lè padà, táyà á di dídè síbẹ̀. Ẹ má yẹ̀ wọ́n wò rárá, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn. Èkejì, màsítà sílíńdà, èyí tí pẹ́dàlì ń tẹ̀ láti ti fúlúúdì lọ sí ẹsẹ̀ mọ́tò. Tí ẹ bá ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì, ẹ má tẹ pẹ́dàlì dé ilẹ̀. Apá ibi tí rọ́bà inú rẹ̀ ti máa ń rìn lójoojúmọ́ ń dán, ṣùgbọ́n ibi tí kì í dé ti dógùn-ún, ibẹ̀ ló sì máa ń ya rọ́bà náà. Ẹ fi pákó kékeré kan sábẹ́ pẹ́dàlì kó má lè rì kọjá ààbọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú dírọ́ọ̀mù. Asbestos wà nínú ṣúù bíréèkì ayé ìgbà yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa ń bà jẹ́. Ẹ fi omi rin ín, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá, ẹ jù ú nù. Ẹ má sì wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ ki ìdúró irin sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tì í lọ tì í bọ̀ kí ẹ tó wọlé.

Ọmọ Oníwágọ̀nù

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe ti pílọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì yí! Ó wúwo ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ń fúyẹ́ sí i. Dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn lápá òsì ni kò fẹ́ jáde. Pẹtiróòlù inú táńkì sì ń rùn bíi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń kun ilé, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe.

Mẹkáníìkì Àtọdúnmọ́dún

Ṣé háńbíréèkì ṣì dè ni àbí o ti tú u? Tú u, kí o sì dín àtúnṣe ṣúù kù láti ẹ̀yìn, kí ṣúù lè sún kúrò lára dírọ́ọ̀mù. Fi òòlù lu dírọ́ọ̀mù yípo, kì í ṣe ní ojú kan. Má ki sikirudiráífà sí etí rẹ̀ láti fi gbé e. Àwo ẹ̀yìn á ká, dírọ́ọ̀mù lè là.

Oníjàpá68

Ti pẹtiróòlù yẹn, kò sí ohun tí ẹ lè fi ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Láàárín oṣù díẹ̀ ni èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ ti fẹ́ lọ, èyí tó kù sì ti ń di gọ́ọ̀mù. Ẹ má fi tuntun là á. Ẹ fà á tán síta gbangba, bátìrì ò gbọ́dọ̀ wà lórí mọ́tò nígbà yẹn, kí iná kankan má sì sí nítòsí. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú táńkì. Bí ìpẹtà bá wà, ẹ tú táńkì sílẹ̀ kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé e lọ fún oníwẹ́ẹ̀dà láìfọ̀ ọ́, ẹ sá fún un: táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí oru pẹtiróòlù tó wà nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù.

Tèmi ni ìjàpá Volkswagen, kò ní rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n bákan náà ni kabúrétọ̀ gbogbo wọn ṣe ń jìyà. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀. Nínú abọ́ rẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tó ṣẹ́kù nínú pẹtiróòlù àtijọ́, nǹkan búráùn kan tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ bí oje igi. Ohun kan náà ló dí ihò jẹ́ẹ̀tì, idẹ kékeré tí epo ń gbà kọjá. Ẹ tú àwọn jẹ́ẹ̀tì, ẹ rẹ wọ́n sínú oògùn ìfọ-kabúrétọ̀, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ wọn, kí ẹ gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀: ihò róbótó ló yẹ kí ẹ rí. Ẹ má ki wáyà bọ ibẹ̀ o. Idẹ rọ̀, wọ́n sì wọn ihò yẹn kí wọ́n tó lu ú. Bí wáyà bá fẹ̀ ẹ́, mọ́tò á máa mu epo títí ayé.

Gbogbo họ́ọ̀sì epo, kò sí èyí tí ẹ máa dá sí. Ethanol tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù òde òní ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ R9 sí lára, ó lè gba ethanol. Nínú àwọn ìjàpá tí mo mọ̀ tó jóná, họ́ọ̀sì epo tó là lókè ẹ́ńjìnnì gbígbóná ló fà á jù lọ. Ẹ gbé ohun ìpaná sítòsí kó tó di pé ẹ yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, ó lè jẹ́ pé rọ́bà inú pọ́ọ̀ǹpù epo ti ya, tó ń da epo sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá rí funfun bíi wàrà, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi kì í lo táńkì rárá. Mo máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré tó ní pẹtiróòlù tuntun ka ibi tí kò ní dà nù, tó jìnnà sí sálẹ́ńsà, kí họ́ọ̀sì tuntun gbé epo látibẹ̀ lọ sí pọ́ọ̀ǹpù. Tó bá ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé ìdọ̀tí táńkì ò tíì débẹ̀.

Bàbá Dísù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí tiyín jẹ́ dísù, bíi Mercedes 240D, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Dísù ń pẹ́ ju pẹtiróòlù lọ kó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n omi máa ń rọ̀ sílẹ̀ nínú táńkì, kòkòrò àìfojúrí ń hù níbi tí omi àti dísù ti pàdé, wọ́n sì ń di ẹrẹ̀ dúdú tó ń dí fílítà. Ẹ fa ìsàlẹ̀ táńkì jáde, ẹ pààrọ̀ fílítà, kí ẹ ní òmíràn nílé. Èyí tó kù, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni.

Oníwáyà

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí bátìrì tuntun yẹn. Eku ti wọlé, ẹ ní. Eku ń jẹ wáyà. Bí ẹ bá so bátìrì mọ́ wáyà tí ara rẹ̀ ti ṣí, iná lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó rí èéfín.

Ẹ so ẹsẹ̀ pọ́síítíìfù bátìrì bó ṣe yẹ. Ẹ má so nẹ́gétíìfù tààrà. Ẹ wá gílóòbù kan, 12 volt, irú èyí tí wọ́n ń lò fún iná bíréèkì, 21 watt, kí ẹ fi wáyà méjì so ó sáàárín ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù bátìrì àti okùn ilẹ̀ mọ́tò. Kọ́kọ́rọ́ ò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn ní títì. Bí gílóòbù bá kú síbẹ̀, ẹ lè fọkàn balẹ̀. Bí ó bá mọ́lẹ̀ wọ́ọ́, wáyà kan ti kan irin níbì kan. Ẹ máa yọ fíyúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ bá yọ tí iná kú, ọ̀nà ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí iná rẹ̀ bá kàn ń ṣe bàìbàì, ẹ kọ́kọ́ tú aago dáṣíbọ́ọ̀dù ná, ó lè jẹ́ òun ló ń fa iná. Gílóòbù yẹn ò ní jẹ́ kí kọ́ráǹtì tó lè sun wáyà kọjá, ìdí nìyẹn tó fi dáa ju kí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ bátìrì ta iná wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, okùn ilẹ̀. Èyí tó ti bátìrì lọ sí bọ́dì, àti èyí tó ti ẹ́ńjìnnì lọ sí bọ́dì. Ẹ tú wọn, ẹ ha ìdí wọn títí irin fi dán, ẹ dè wọ́n padà. Ọ̀pọ̀ sítátà tí wọ́n ti jù nù, okùn ilẹ̀ ló dá wọn lẹ́bi.

Bátìrì tó kún máa ka bíi 12.6 volt nígbà tí kò ṣe nǹkan kan. Tí sítátà bá ń yí i tó já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, bátìrì ti rẹ̀ tàbí ohun kan ń fà á jù.

Ní ti iná pílọ́ọ̀gì, ẹ ṣí ìdérí disitiribútọ̀. Ojú kọ́ńtáàtì tó wà nínú rẹ̀ ti ní láti dógùn-ún. Ẹ fi sáńpépà tó fẹ́lẹ́ jù lọ ra á, ẹ nù ún, kí ẹ tún àlàfo rẹ̀ ṣe bí ìwé mọ́tò ṣe wí. Tí ẹ bá tú wáyà pílọ́ọ̀gì tí ẹ ò rántí bí wọ́n ṣe tò ó, 1-3-4-2 ni ìtò tí iná fi ń kan sílíńdà 504.

Àdùkẹ́ Oníkáà

Mo fara mọ́ ọ. Eku náà kì í dúró síbi wáyà nìkan. Ẹ ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́, ẹ sì wo ẹnu sálẹ́ńsà. Mo ti bá ìtẹ́ odindi níbẹ̀ rí, koríko àti fóòmù ìjókòó.

Ọmọ Oníwágọ̀nù

Ìtẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́! Inú fílítà afẹ́fẹ́. Mo ti kó o kúrò, mo sì fi gílóòbù yẹ wáyà wò, ó kú síbẹ̀. Sílíńdà bíréèkì ẹ̀yìn méjèèjì ti lọ, mo ti pààrọ̀ wọn àti gbogbo họ́ọ̀sì. Ọ̀gá, ṣé kí n fi oògùn ìfọ-ẹ́ńjìnnì sínú ọ́ìlì kí n tó sítáàtì? Àti omi rédíétọ̀ ńkọ́?

Oníjàpá68

Ẹ má lo oògùn yẹn. Ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ jẹ́ẹ́ láti ọdún yìí wá, oògùn á ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì lọ dí àsẹ́ ìdí pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì.

Bàbá Dísù

Mo ti lò ó fún tèmi, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Mẹkáníìkì Àtọdúnmọ́dún

Ti Oníjàpá ni mo gbà, bí ẹ́ńjìnnì bá ti pẹ́ tó báyìí. Ọ́ìlì tuntun àti fílítà tuntun ló ń fọ ẹ́ńjìnnì láìpariwo. Da ti àtijọ́ nù, bu tuntun sí i, kì í ṣe olówó iyebíye, nítorí o máa dà á nù láìpẹ́.

Omi: fa ti àtijọ́ jáde, kí o tẹ gbogbo họ́ọ̀sì. Èyí tó le gan tàbí tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, pààrọ̀ rẹ̀, àti bẹ́líìtì fáànù pẹ̀lú. Bu omi lásán sí i ná, kí o lè rí ibi tó ń jò. Bí kò bá jò mọ́, lo kúláǹtì tí wọ́n là mọ́ omi ìdajì-ìdajì. Alùmíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì 504, omi lásán á jẹ ẹ́.

Ọjọ́ tí o bá fẹ́ sítáàtì rẹ̀, má tíì dá pílọ́ọ̀gì padà. Tú wáyà kọ́ọ̀lì, èyí tó ń gbé iná wá fún pílọ́ọ̀gì, fi àkísà bo ojú ihò pílọ́ọ̀gì nítorí ọ́ìlì tí o bù sí i máa ta jáde, kí o wá fi sítátà yí i, ní ìṣẹ́jú àáyá 10, sinmi, tún yí i, títí iná ọ́ìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á fi kú. Ìgbà náà lo tó mọ̀ pé ọ́ìlì ti dé bíárìn. Dá pílọ́ọ̀gì àti wáyà padà, so kẹ́ẹ̀gì epo, kí o sítáàtì. Síta gbangba ni o, kì í ṣe inú gárééjì tí wọ́n tì pa. Gáàsì kan wà nínú èéfín mọ́tò tó ń pààyàn láìrùn. Tó bá gbà, má tẹ epo mọ́lẹ̀. Bí iná ọ́ìlì ò bá kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, pa á.

Tí kílọ́ọ̀ṣì bá lẹ̀, tí jíà ò wọlé bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, má bẹ̀rù. Ó wọ́pọ̀. Díìsì ti lẹ̀ mọ́ fúláíwíìlì ni. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, pa á, fi í sí jíà kẹrin, tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí èèyàn méjì máa tì í síwá sẹ́yìn. Ó sábà máa ń tú.

Ọmọ Oníwágọ̀nù

Ẹ̀yin ará, ó dún! Ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó kú, mo tún gbìyànjú, ó wá gbà. Iná ọ́ìlì kú lójú ẹsẹ̀. Èéfín búlúù pọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ń dínkù. Tápẹ́ẹ̀tì kan ń dún ka-ka-ka. Ìyá mi jáde wá dúró, ó ní òun rò pé bàbá ló dé. Ṣé èéfín yẹn ò burú? Ṣé mo lè wà á jáde díẹ̀?

Mẹkáníìkì Àtọdúnmọ́dún

O ṣeun, o kú oríire! Búlúù yẹn, ọ́ìlì tí a bù sí sílíńdà ló ń jó, àti ríǹgì tó ṣì ń wá ìjókòó rẹ̀. Bí ó bá ṣì wà lẹ́yìn tí o ti rìn ín dáadáa, ìgbà yẹn la máa sọ̀rọ̀ sílì fáàfù. Èéfín funfun tí kò lọ, tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù, òun ni kí o tètè pè mí sí. Tápẹ́ẹ̀tì, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí o tó wọn àlàfo rẹ̀.

Da ọ́ìlì yẹn nù lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí díẹ̀. O máa rí bó ṣe dúdú.

Àdùkẹ́ Oníkáà

Kí ẹ tó wà á jáde, táyà ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí (kì í ṣe DOT ti fúlúúdì bíréèkì). Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2009. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe é kó tó di ọdún 2000. Bí ojú rẹ̀ bá tilẹ̀ dà bí èyí tí kò tíì rìn, rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ, ó sì lè bẹ́ lórí eré. Ẹ lò wọ́n láti fi ti mọ́tò kiri inú ọgbà. Ẹ má bọ́ sí títì pẹ̀lú wọn. Ẹ rántí èyí tó wà nínú búùtù náà.

Ọmọ Oníwágọ̀nù

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé. Mẹ́ta péré ló wà lára èyí tó wà ní búùtù. Mo ń lọ ra márùn-ún.